Láti Ore dé Oríta Mẹ́fà: Ìtàn Ìtànṣán àti Jẹjẹrẹ Ìfun Ìdí

Kò sí awakọ̀ tí ń ná ọ̀nà Èkó sí Bìní tí kò mọ Ore. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ ti ń dúró kí èrò sọ̀ kalẹ̀ jẹun, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀nà Oǹdó láti òkè àti ọ̀nà Òkìtìpupa láti ìsàlẹ̀ ti pàdé ọ̀nà ńlá. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1967, nígbà ogun abẹ́lé, Ore ni àwọn ọmọ ogun Biafra tí wọ́n ti gba Bìní bá ọ̀nà dé kí wọ́n tó lé wọn padà. Láti ìgbà náà ni orúkọ ìlú yìí ti wọ ẹnu gbogbo ènìyàn. Odigbo, tí a fi orúkọ rẹ̀ pe ìjọba ìbílẹ̀ tí Ore jẹ́ olú-ìlú fún, kò ní irú òkìkí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ oko ni wọ́n fi mọ àgbègbè rẹ̀: kòkó, ọ̀pẹ, rọ́bà àti igi gẹdú. Ìyà kan wà tí ìlú méjèèjì jọ ń jẹ. Ẹni tí jẹjẹrẹ ìfun ìdí bá ṣe níbẹ̀ kò lè rí ẹ̀rọ ìtànṣán ní ìtòsí, ojú ọ̀nà tí ń gbé àjèjì kọjá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ ni òun náà yóò tọ̀ lọ sí ìlú mìíràn.

Ẹni tí ó bá ka ìtàn ìtọ́jú àrùn yìí yóò rí ohun kan tí ó yani lẹ́nu. Àwọn oríṣi jẹjẹrẹ ìdí tí kò wọ́pọ̀, àwọn tí oníṣègùn lè má rí ju ẹyọ mélòó kan lọ ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, ni ó kọ́ ayé pé ènìyàn lè sàn, kí ó sì pẹ́ láyé, láìjẹ́ pé wọ́n gé ìdí rẹ̀ kúrò. Bí ẹ̀kọ́ yìí ti ṣe wáyé, àti ohun tí ó ń dí i lọ́wọ́ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ àgbẹ̀ ní Odigbo, ni ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀.

Orí jẹ̀díjẹ̀dí ni ó yẹ kí ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni aláìsàn fúnra rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Lọ́dọ̀ Yorùbá, jẹ̀díjẹ̀dí kì í ṣe orúkọ àìsàn kan ṣoṣo. Ìdí tí ń ta ènìyàn, ìgbẹ́ tí ó le, ìgbẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ tàbí ikun bá jáde, ìdí tí ń yọ síta, ẹ̀yìn tí ń ro ni, àní ọkùnrin tí agbára rẹ̀ ti dínkù lórí ibùsùn, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń kó sábẹ́ orúkọ yìí, ohun dídùn ni wọ́n sì máa ń di ẹ̀bi rẹ̀ rù. Àgbo jẹ̀dí kò wọ́n ní gáréèjì kankan, Ore kò sì gbẹ́yìn. Kò yẹ kí ọ̀mọ̀wé kankan fi èyí ṣe ẹlẹ́yà. Orúkọ tí ó kó ohun púpọ̀ mọ́ra bẹ́ẹ̀ wúlò ní ayé tí kò sí ohun èlò láti fi wo inú ìfun, òótọ́ sì ni pé ọ̀pọ̀ ẹ̀jẹ̀ tí ń bá ìgbẹ́ jáde kì í ṣe ti jẹjẹrẹ. Àbùkù ibẹ̀ ni pé orúkọ náà ń pa ìbéèrè lẹ́nu mọ́. Ẹni tí ó gbà pé òun ti mọ ohun tí ń ṣe òun kò ní wá ìdí mìíràn. Oṣù mẹ́fà yóò kọjá, ọdún yóò yípo, kókó náà yóò sì ti ta gbòǹgbò. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú jẹjẹrẹ ìfun ìdí ni ó wà níbi tí ìka oníṣègùn, tí ó wọ ìbọ̀wọ́, lè kàn án láàrin ìṣẹ́jú kan. Àyẹ̀wò yìí kò gba iná mànàmáná, owó tí ó ń náni kò sì tó ti ìgò àgbo.

Ìfun ìdí ni apá tí ó kẹ́yìn nínú ìfun ńlá. Gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 15. Sẹ́ẹ̀lì tí ó tẹ́ inú rẹ̀ jẹ́ irú èyí tí ń ṣe ikun tí ìgbẹ́ fi ń yọ̀ jáde. Láti inú irú sẹ́ẹ̀lì yìí ni ó ju 90 nínú 100 jẹjẹrẹ ibẹ̀ ti ń hù. Nínú àwọn oníkun yìí pàápàá, ẹ̀yà kan wà tí kò wọ́pọ̀, tí ikun kún inú sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ títí tí ó fi ti kókó àárín rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí ó wá dà bí òrùka èdìdì lábẹ́ ẹ̀rọ tí ń sọ ohun kékeré di ńlá. Ó burú púpọ̀, ìtànṣán kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ ràn án. Òmíràn ń ti inú sẹ́ẹ̀lì tí ń fún ara ní àwọ̀ dúdú wá. Èyí tún ṣọ̀wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn tí ó sì ń là á já kò pọ̀. Lẹ́yìn náà ni jẹjẹrẹ onípẹ́, tí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ pẹlẹbẹ bí ìpẹ́ ẹja, irú èyí tí ó bo awọ ara àti ojú ihò ìdí. Nínú ìfun ìdí fúnra rẹ̀, jẹjẹrẹ onípẹ́ kò tó ẹyọ kan nínú 100. Èyí tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ ni ìtàn yìí yóò dúró lé lórí jù.

Fún ìgbà pípẹ́, ìyàtọ̀ àárín wọn kò já mọ́ nǹkan, nítorí ọ̀bẹ kan náà ni wọ́n fi ń wo gbogbo wọn. Ní ọdún 1908, William Ernest Miles, oníṣẹ́ abẹ ní London, ṣe àlàyé ọ̀nà tirẹ̀ nínú ìwé ìròyìn Lancet. Wọn yóò la ikùn, wọn yóò tún gba ìsàlẹ̀ wọlé, wọn yóò yọ ìfun ìdí àti ojú ihò ìdí kúrò pátápátá, wọn yóò sì fa ìfun tí ó kù jáde lára ikùn kí ìgbẹ́ máa gba ibẹ̀ títí ọjọ́ ikú. Miles kì í ṣe ìkà. Ó ti rí i pé àrùn náà ń padà wá bá fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo àwọn tí òun ti ṣe iṣẹ́ abẹ kékeré fún tẹ́lẹ̀. Ọ̀nà rẹ̀ gba ẹ̀mí là, ó sì jọba fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ọdún 1932, Cuthbert Dukes ti ilé ìwòsàn St Mark's ní London náà pín àrùn yìí sí ìpele A, B àti C, gẹ́gẹ́ bí ó ti wọ ara ìfun jìn tó. Láti ìgbà náà ni ó ti hàn gbangba pé ẹni tí ó tètè dé ni ẹ̀mí rẹ̀ ń gùn, ọ̀rọ̀ tí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tí ó bá rántí ohun tí jẹ̀díjẹ̀dí ń ṣe.

Ohun tí aláìsàn ń san fún ẹ̀mí náà pọ̀. Àgbẹ̀ tí ń tẹ̀ ba ilẹ̀ láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ yóò máa gbé àpò ìgbẹ́ kiri lára ikùn. Àpò náà ń tán, owó ni wọ́n fi ń ra òmíràn, omi sì gbọ́dọ̀ wà nítòsí nígbà gbogbo. Mùsùlùmí yóò máa ronú lórí àlùwàlá rẹ̀. Ìyàwó ilé yóò máa ronú lórí ọkọ rẹ̀ àti orogún rẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ abẹ ní Nàìjíríà ti kọ ọ́ sílẹ̀ léraléra pé aláìsàn a máa kọ iṣẹ́ abẹ yìí nígbà tí ó bá gbọ́ nípa ihò ikùn, àwọn mìíràn a sì fi ilé ìwòsàn sílẹ̀ láìpadà wá mọ́. Wọn kì í ṣe òmùgọ̀. Wọ́n ti fi ẹ̀mí àti iyì sórí ìwọ̀n, wọ́n sì ti yan èyí tí ó wúwo jù lójú wọn.

Ìtànṣán ni ó wá mú ìwọ̀n náà yí padà, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí ó tó dé ibẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1895 ni Wilhelm Röntgen rí ìtànṣán X ní ìlú Würzburg ní Jámánì. Ní ọdún 1898, Marie àti Pierre Curie rí radium ní Paris. Kò pẹ́ rárá tí àwọn oníṣègùn fi bẹ̀rẹ̀ sí í tàn án sí kókó jẹjẹrẹ. Ìtànṣán àkọ́kọ́ wọ̀nyí kò lágbára tó. Awọ ara ti jóná kí wọ́n tó dé inú, ìfun ìdí sì wà nínú lọ́hùn-ún láàrin egungun ìbàdí. Oṣù kẹwàá ọdún 1951 ni wọ́n kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ cobalt-60 wo ènìyàn sàn, ní ìlú London ti Ontario ní Kánádà. Ìtànṣán tirẹ̀ ń kọjá lára awọ láìjó o púpọ̀, ó sì ń dé ibi tí ó jìn. Ohun tí ó ń ṣe níbẹ̀ ni pé ó ń já okùn àjogúnbá tí ó wà nínú sẹ́ẹ̀lì. Sẹ́ẹ̀lì tí ara rẹ̀ pé mọ bí a ti ń tún okùn náà so ju sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ lọ, bí wọ́n bá fún un láyè. Ìdí nìyí tí wọn kì í fi í fún ènìyàn ní gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: díẹ̀ lónìí, díẹ̀ lọ́la, ọjọ́ márùn-ún nínú ọ̀sẹ̀, títí yóò fi pé.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, oníṣẹ́ abẹ kan tí ń jẹ́ Norman Nigro wà ní Detroit ní Amẹ́ríkà, ní Yunifásítì Wayne State. Jẹjẹrẹ onípẹ́ ti ojú ihò ìdí ni ó ń wò. Ọ̀nà Miles ni òun náà ń lò, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kò dùn sí bí àrùn náà ti ń padà wá. Ó wá pinnu láti kọ́kọ́ fi ìtànṣán àti oògùn méjì sọ kókó náà di kékeré kí ọ̀bẹ tó bọ́ sí i. Ìtànṣán náà jẹ́ 3000 rad, ó gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kò tó ohun tí àwọn onítànṣán ìgbà náà gbà pé ó lè pa jẹjẹrẹ. Ní ọdún 1974 ó tẹ ìròyìn kúkúrú kan jáde lórí aláìsàn mẹ́ta péré. Méjì nínú wọn gbà kí ó ṣe iṣẹ́ abẹ. Wọ́n yọ ìdí wọn, wọ́n gbé e lọ sí iyàrá àyẹ̀wò, wọn kò sì rí jẹjẹrẹ kankan nínú rẹ̀ mọ́. Ẹnì kẹta kọ̀. Ó ní òun kò ṣe iṣẹ́ abẹ, ó sì ń gbé pẹ̀lú ara líle.

Ó yẹ kí ènìyàn dúró díẹ̀ lórí aláìsàn kẹta yìí, tí ìtàn kò mọ orúkọ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ó gbà, wọn ì bá yọ ìdí tí kò ní àrùn mọ́, ẹ̀kọ́ náà ì bá sì pẹ́ kí ó tó yé ayé. Ohun tí wọ́n sábà máa ń pè ní agídí aláìsàn ni ó ṣí ojú àwọn oníṣègùn níhìn-ín. Kí àwọn ọdún 1980 tó parí, ìtànṣán pẹ̀lú oògùn ti di ìtọ́jú àkọ́kọ́ fún jẹjẹrẹ ojú ihò ìdí, ọ̀bẹ sì ti di ti ẹni tí ìtànṣán kò bá wò sàn. Ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tí àrùn náà kò tíì tàn ká ara wọn ni ó ń kọjá ọdún márùn-ún, ìdí wọn sì wà lára wọn. Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn oníṣègùn wá lo ọ̀nà kan náà fún jẹjẹrẹ onípẹ́ tí ó wà lókè, nínú ìfun ìdí gan-an. Ó ṣọ̀wọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi sí ẹni tí ó lè rí ènìyàn tó láti fi ọ̀nà méjì wéra. Ìròyìn aláìsàn kan níbí, ti mẹ́wàá lọ́hùn-ún, ni wọ́n kó jọ. Síbẹ̀ ibi kan náà ni gbogbo rẹ̀ ń tọ́ka sí.

Àwọn oníkun, tí wọ́n pọ̀ jù, kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀bẹ ṣì ni olórí ìtọ́jú wọn. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1997 àwọn ará Sweden fi hàn, lára ènìyàn tí ó ju 1100 lọ, pé ìtànṣán ọjọ́ márùn-ún péré kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ ń dín pípadà àrùn náà kù láti 27 nínú 100 sí 11, àwọn tí ó sì wà láàyè lẹ́yìn ọdún márùn-ún pọ̀ láti 48 sí 58 nínú 100. Ní ọdún 2004, Angelita Habr-Gama ní São Paulo ní Brazil sọ ohun tí Nigro ti rí di ti àwọn oníkun pẹ̀lú: bí kókó bá pòórá pátápátá lẹ́yìn ìtànṣán àti oògùn, ó ń fi ọ̀bẹ sílẹ̀, ó sì ń ṣọ́ aláìsàn náà lójú méjèèjì. Wọ́n bá a jà fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó gbà fún un.

Níbo ni ilẹ̀ Yorùbá wà ní gbogbo àkókò yìí? Ilé Ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn, tí àwọn ará ìlú ń pè ní Oríta Mẹ́fà, ṣí ní ọdún 1957. Ní ọdún 1960 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ gbogbo ẹni tí jẹjẹrẹ bá ṣe ní Ìbàdàn sínú ìwé, iṣẹ́ ńlá tí kò wọ́pọ̀ ní Áfíríkà nígbà náà. Ohun tí ìwé náà fi hàn nígbà yẹn ni pé jẹjẹrẹ ìfun ńlá kò pọ̀. Denis Burkitt, oníṣẹ́ abẹ tí ó ti ṣiṣẹ́ ní Uganda, wí ní ọdún 1971 pé oúnjẹ aláwọ̀ dúdú tí ó ní èèpo àti okùn púpọ̀ ni ó ń gbà á. Ọ̀rọ̀ náà ní òótọ́ nínú fún ìgbà tirẹ̀, ó sì dùn mọ́ àwa ènìyàn dúdú nínú. Ibi tí ó ti pa ni lára ni pé ó bá jẹ̀díjẹ̀dí dìmọ̀lù: aláìsàn ti ní orúkọ fún ẹ̀jẹ̀ ìdí rẹ̀, oníṣègùn náà sì ti kà á nínú ìwé pé jẹjẹrẹ kì í sábà ṣe ọmọ Áfíríkà níbẹ̀.

Ẹ̀rọ ìtànṣán fún jẹjẹrẹ kọ́kọ́ dé LUTH ní Ìdí-Àràbà, Èkó, ní ìparí àwọn ọdún 1960. Nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ ní ọdún 1976, Èkó nìkan ni ó wà ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá. Ọdún 1987 ni Oríta Mẹ́fà tó ní tirẹ̀. Ẹ̀rọ cobalt ni, ó sì bá ilẹ̀ tí iná kò dúró sójú kan mu, nítorí cobalt fúnra rẹ̀ ni ó ń tan ìtànṣán, kì í ṣe iná. Ṣùgbọ́n cobalt ń gbó. Láàrin ọdún márùn-ún ó lé díẹ̀, agbára rẹ̀ ti dín sí ìdajì, àkókò tí aláìsàn yóò fi dùbúlẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ sì ti di ìlọ́po méjì. Bí ìjọba kò bá ra òmíràn, ẹ̀rọ náà yóò máa ṣiṣẹ́ bí àtùpà tí epo rẹ̀ ń tán, àwọn èrò yóò sì máa tò dé ìta. Láàrin ọdún 2010 sí 2019, ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ ìtànṣán ìjọba ní Nàìjíríà dẹnu kọlẹ̀ nígbà kan náà. Jẹjẹrẹ onípẹ́ gan-an, tí ìtànṣán ń wò sàn jù, ni irú ìdádúró bẹ́ẹ̀ ń ṣe ní ibi jù, nítorí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ tí kò kú ń yára pọ̀ sí i ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ̀rọ kò bá ṣiṣẹ́. Ní oṣù kejì ọdún 2019 ni ilé ìtọ́jú jẹjẹrẹ tuntun ṣí ní LUTH, tí àjọ NSIA fi mílíọ̀nù 11 dọ́là kọ́. Ẹ̀rọ ibẹ̀ jẹ́ ti òde òní, iye owó ìtọ́jú rẹ̀ náà sì jẹ́ ti òde òní, àpò aláìsàn ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì ti ń jáde.

Láti Ilé-Ifẹ̀ ni ìròyìn tí ó yí ìtàn yìí padà ti wá. Ní ọdún 2013, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúṣẹ́gun Isaac Alátiṣe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ dara pọ̀ mọ́ ilé ìwòsàn Memorial Sloan Kettering ti New York láti dá ẹgbẹ́ ìwádìí ARGO sílẹ̀. Ní ọdún 2021 wọ́n tẹ àbájáde kan sínú ìwé ìròyìn Nature Communications. Ẹ̀yà jẹjẹrẹ kan wà tí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ti sọ agbára àtúnṣe nù, tí àṣìṣe inú okùn àjogúnbá rẹ̀ fi ń pọ̀ ní ìlọ́po. Nínú jẹjẹrẹ ìfun ńlá tí wọ́n yẹ̀ wò lára àwọn ọmọ Nàìjíríà, ẹ̀yà yìí ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ. Ní Amẹ́ríkà, kò tó ìdá kan nínú mẹ́fà. Ohun tí ìwé àwọn òyìnbó pè ní èyí tí kò wọ́pọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n nílé. Ní ọdún kejì rẹ̀, 2022, ilé ìwòsàn New York yìí kan náà ròyìn pé àwọn fún aláìsàn 12 tí wọ́n ní ẹ̀yà yìí nínú ìfun ìdí ní oògùn dostarlimab, kókó náà sì pòórá lára gbogbo wọn láìlo ìtànṣán tàbí ọ̀bẹ. Ní ọdún 2025 iye wọn ti di 49, kò sì sí èyí tí kókó rẹ̀ kò pòórá. Oògùn náà wọ́n gógó. Owó rẹ̀ kọjá ohun tí oko kòkó lè san. Àyẹ̀wò tí yóò sọ ẹni tí ó yẹ fún kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀: aró ni wọ́n ń fi sí ègé ẹran kékeré tí wọ́n ti gé tẹ́lẹ̀. Oníṣègùn tí kò bá béèrè fún un lè máa fi ìtànṣán jó ẹni tí kò nílò rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ jíjó yìí kì í sì í ṣe eré. Àwọn aláìsàn tí ń wá láti ilẹ̀ Yorùbá sábà máa ń kéré ní ọjọ́ orí sí ti Yúróòpù. Ọ̀pọ̀ wọn kò tíì pé 50 ọdún. Ìtànṣán tí ó wọ ìbàdí obìnrin ń pa ẹyin rẹ̀ run, ó sì ń ba ilé ọmọ jẹ́. Obìnrin ẹni ọdún 30 tí kò tíì bí lè sàn kúrò nínú jẹjẹrẹ kí ó sì di àgàn, kí ẹnikẹ́ni má sì ti sọ fún un kí wọ́n tó tẹ́ ẹ sábẹ́ ẹ̀rọ.

Ìṣirò ọ̀nà wá kù. Ìtọ́jú gígùn gba ìgbà 25 sí 28, lójoojúmọ́ àfi Sátidé àti Sunday. Kò sí ẹni tí ó lè máa ti Odigbo lọ sí Ìbàdàn kí ó sì padà lóòjọ́ fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún, pàápàá nígbà tí ìgbẹ́ gbuuru tí ìtànṣán ń fà bá ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní láti gba ilé tàbí kí ó wà lọ́dọ̀ ẹbí, ẹnì kan yóò sì tẹ̀lé e tí yóò fi oko tirẹ̀ sílẹ̀. Bí ó bá bọ́ sí àsìkò kíkórè kòkó, èrè ọdún ti lọ nìyẹn. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, ọjọ́ márùn-ún ti àwọn ará Sweden kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú ìwé lásán: ọ̀sẹ̀ kan ni, ó sì lè yá owó ọ̀sẹ̀ kan. Ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ onípẹ́ kò gbọ́ ti ọjọ́ márùn-ún. Àwọn ọ̀sẹ̀ gígùn náà ni ó ń fẹ́. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí wọ́n ti mọ oríṣi tí ó jẹ́ dájú kí aláìsàn tó wọ ọkọ̀ ní Ore.

Lẹ́yìn ìtọ́jú, ọdún márùn-ún ìpadàbọ̀ ni ó kù. Bí àrùn náà yóò bá padà, láàrin ọdún méjì sí mẹ́ta àkọ́kọ́ ni ó sábà máa ń padà, bí wọ́n bá sì tètè rí i, ọ̀bẹ Miles ṣì lè gba ẹni náà là. Oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n ń pè é ní ìbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà oṣù mẹ́fà-mẹ́fà. Ẹni tí ara rẹ̀ ti le, tí ó ti ń gun ọ̀pẹ, tí ẹ̀jẹ̀ ìdí rẹ̀ ti dá, ni wọ́n ń sọ fún pé kí ó tún wọkọ̀ lọ kí wọ́n fi ìka wò ó. Fáìlì rẹ̀ wà ní Ìbàdàn. Òun wà ní Odigbo.